Láti Taekwondo sí Ẹ̀ṣẹ́ Kíkàn: Ètò Ọ̀sẹ̀ 12 fún Ẹni tó Ń Gbé ní Ìkòròdú

Ẹni tó ti gba bẹ́líìtì dúdú nínú taekwondo dé ibi tí wọ́n ti ń kan ẹ̀ṣẹ́. Ara rẹ̀ le, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, èémí rẹ̀ sì gùn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní kó bá ẹnì kan ṣe sípárìn (ìjà ìdánrawò) díẹ̀. Ọmọ tí kò tíì lo oṣù mẹ́fà nídìí ẹ̀ṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bà á nímú, ó tún bà á, ó tún bà á. Inú bí i, ó padà síbi tó ti wá. Àwọn mìíràn kì í padà. Wọ́n á máa lọ síbí lónìí, wọ́n á lọ sọ́hùn-ún lọ́la, títí wọn ò fi ní mọ èyíkéyìí nínú méjèèjì dáadáa mọ́.

Ara irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣì ń gbọ́ràn sí òfin eré tó ti fi sílẹ̀. Nínú òfin World Taekwondo, àjọ àgbáyé tó ń darí eré náà, ẹ̀ṣẹ́ kò gbọdọ̀ ba ojú; ara tí ààbò àyà bò nìkan ló lè bà. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rin, márùn-ún jà lábẹ́ òfin yìí kò nídìí láti gbé ọwọ́ sókè nítorí ẹ̀ṣẹ́. Ẹsẹ̀ alátakò ni ojú rẹ̀ ń ṣọ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé yíyọ ohun àtijọ́ kúrò lára ló gba ibi tó pọ̀ jù nínú ètò ọ̀sẹ̀ 12 yìí. Ẹsẹ̀ la ó kọ́kọ́ tún ṣe, ọwọ́ ni yóò tẹ̀ lé e, ojú ni yóò kẹ́yìn. Ẹ má ṣe dà á rú, nítorí ọwọ́ kò lè dúró dáadáa lórí ẹsẹ̀ tí kò dúró.

Ohun tí ẹ nílò

- Báńdéèjì ọwọ́ méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 4.5. Èyí tó jẹ́ mítà 2.5 kò tó ọwọ́ àgbàlagbà yí.
- Gílọ́ọ̀fù 12 oz fún báàgì (àpò ńlá tí wọ́n gbé kọ́ láti máa fi ẹ̀ṣẹ́ lù), àti 16 oz fún sípárìn. Ẹni tí kò tó kílò 65 lè fi 14 oz ṣe sípárìn. Bí owó bá tó ẹyọ kan péré, ẹ ra 16 oz.
- Gọ́ọ̀mù-ṣíìdì fún eyín. Èyí tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ ṣì dára bí kò bá tíì ya tàbí tú.
- Ààbò abẹ́. Ti taekwondo wúlò.
- Ààbò orí tó bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti taekwondo kò wúlò níbí, nítorí ó ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àgbọ̀n sílẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀ṣẹ́ ń wá.
- Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹlẹbẹ tí kò sì nípọn. Bàtà tí wọ́n fi ń sáré ga ní gìgísẹ̀, ó máa ń jẹ́ kí ọrùn ẹsẹ̀ yẹ̀.
- Okùn fífò. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ àárín rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí orí méjèèjì dé abíyá yín, kó má kọjá èjìká.
- Ṣọ́ọ̀kì, jígí tó gùn, bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì kan, aṣọ ìnura kékeré kan, àti fóònù tó lè ka ìṣẹ́jú 3 ìjà àti ìṣẹ́jú 1 ìsinmi.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń ra gílọ́ọ̀fù òkirìkà, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀ bí ẹ bá mọ bí a ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kí ẹ fi àtàǹpàkò ọwọ́ kejì tẹ ibi tí eegun ẹ̀ṣẹ́ wà. Bí ẹ bá ti ń mọ eegun yín láti òde, fóòmù rẹ̀ ti kú. Ẹ gbọ́ òórùn inú rẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tó ti hu èbu kò ṣeé fọ̀ mọ́ tónítóní, ó sì lè kó àrùn awọ ara ran yín.

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, ti ìjọba tó wà ní Ìkòròdú tàbí èyí tó sún mọ́ yín, kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti ojú yín. Ẹni tí nǹkan ti gbá lórí rí tó sì dákú, tàbí tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún lójú, kí ó jẹ́ kí dókítà gbọ́ ọ kí kóòṣì tó gbọ́ ọ. Bí dókítà bá ní kí ẹ má jẹ́ kí ohunkóhun gbá yín lórí, ẹ lè ṣe gbogbo ètò yìí títí dé ìgbésẹ̀ 7, kí ẹ sì dúró níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ dágbére dáadáa

Kí ẹ kàn máa pa ẹgbẹ́ taekwondo yín jẹ títí wọ́n á fi gbàgbé yín ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ìkòròdú kò tóbi fún àwọn tó ń ṣe irú eré yìí. Olùkọ́ tí ẹ fi sílẹ̀ láìdágbére lè jẹ́ ọ̀rẹ́ kóòṣì tí ẹ ń lọ bá, òun náà sì lẹ lè padà nílò nígbà tí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò jẹ́rìí sí ìwà yín.

1. Ẹ yan àkókò. Bí wọ́n bá ti fi orúkọ yín sílẹ̀ fún ìdíje tàbí ìdánwò bẹ́líìtì, ẹ ṣe é parí ná.
2. Ẹ san owó oṣù tó bá kù lọ́rùn yín, kí ẹ dá ààbò àyà, páàdì àti ohunkóhun tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ padà.
3. Ẹ gba ìwé yín. Bí ẹ bá ní dan (ipò bẹ́líìtì dúdú), ẹ rí i pé ìwé ẹ̀rí Kukkiwon, ilé iṣẹ́ ní Korea tó ń fọwọ́ sí dan, wà lọ́wọ́ yín àti pé orúkọ inú rẹ̀ bá ti káàdì ìdánimọ̀ yín mu. Dan kì í kú. Bó bá di ọdún mẹ́wàá lónìí tí ẹ padà, yóò wà níbẹ̀.
4. Ẹ lọ fojú rinjú pẹ̀lú olùkọ́, kí ẹ má fi WhatsApp ránṣẹ́. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, kí bàbá, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ̀ lé e lọ.
5. Ẹ má sọ púpọ̀. Ẹ kí wọn bó ṣe yẹ, kí ẹ wá ní: “Ọ̀gá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Mo wá dúpẹ́ gbogbo ohun tí ẹ kọ́ mi. Mo fẹ́ gbájú mọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn báyìí. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí níbí. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi àdúrà sìn mí.”

Ẹ má ṣe fa ọ̀rẹ́ méjì, mẹ́ta jáde tẹ̀ lé yín. Ìyẹn gan-an ló máa ń dá ìjà sílẹ̀, kì í ṣe kíkúrò yín. Ẹ má sì ṣe ṣèlérí pé “màá máa yọjú ní Sátidé.” Fún ọ̀sẹ̀ 12 tó ń bọ̀, ẹ kò ní gbá ìpá kankan, nítorí ara kò lè gbàgbé ohun tí ẹ ṣì ń rán an létí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá lé eku méjì yóò pòfo.

*Àyẹ̀wò:* kò sí gbèsè, kò sí ẹrù ẹgbẹ́ nílé yín, ìwé yín wà lọ́wọ́, ẹ sì lè pàdé olùkọ́ yín ní Sábó láìyà sí kọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wá ibi tí ẹ ó ti máa kọ́ ọ

Ẹ lọ wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láìmú gílọ́ọ̀fù dání, ìrọ̀lẹ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ àti àárọ̀ Sátidé kan. Ẹ wò ó bóyá kóòṣì ń dúró ti sípárìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tàbí ó ń tẹ fóònù. Ṣé wọ́n ń gba ènìyàn láyè láti jà láìfi nǹkan sẹ́nu? Bí imú ẹnì kan bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ṣé wọ́n dá a dúró àbí wọ́n ń pariwo fún un pé kó máa lọ? Lẹ́yìn náà kí ẹ béèrè pé: “Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀sẹ̀ mélòó ni ẹni tuntun máa ń lò kó tó wọ sípárìn?” Bí ìdáhùn bá kéré sí ọ̀sẹ̀ 4, ẹ dúpẹ́, kí ẹ wá ibòmíràn lọ.

Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà ló máa ń pa ètò àwọn ará Ìkòròdú. Ẹni tó bá fẹ́ ibi tí abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ti pọ̀ á gbọ́ orúkọ Rowe Park ní Yábà. BRT láti Ìkòròdú ń gba Máìlì 12, Kẹ́tù àti Ọ̀jọ́ta kọjá sí ọ̀nà Fádéyí, Yábà kò sì jìnnà mọ́ láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka wákàtí tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yóò gbà, kí ẹ rántí pé òru lẹ ó máa padà. Kóòṣì tí kò lókìkí ní Àgíríìkì tàbí Ògolońtò, tó ń wò yín dáadáa lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, sàn fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ju ibi olókìkí tí ẹ ó lè dé lẹ́ẹ̀kan lọ. Ẹ fi Yábà sílẹ̀ di ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ 12.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ sọ fún kóòṣì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé ẹ ti ṣe taekwondo àti iye ọdún tí ẹ fi ṣe é, kí ẹ fi kún un pé ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má wọ ṣòkòtò dobok (aṣọ taekwondo) lọ. Ibi tí wọ́n bá ti rí i, ẹnì kan yóò fẹ́ dán yín wò.

Ìgbésẹ̀ 3: Dídi ọwọ́

Ẹni tó ń gbá ìpá kì í sábà ní ìṣòro ọrùn ọwọ́, nítorí náà kì í ka báńdéèjì sí. Báàgì tó tó kílò 30 tàbí 40 kò ní dárí jì í.

1. Ẹ ya ìka yín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹni ń na ọwọ́, kí wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi parí. Ẹni tó di í pẹ̀lú ìka tó pa pọ̀ kò ní lè dẹ́ṣẹ́.
2. Ẹ fi ihò báńdéèjì kọ́ àtàǹpàkò, kí ẹ gba ẹ̀yìn ọwọ́ (kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́) lọ sí ọrùn ọwọ́.
3. Ẹ yí ọrùn ọwọ́ po lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
4. Ẹ gba ẹ̀yìn ọwọ́ gòkè, kí ẹ yí eegun ẹ̀ṣẹ́ po lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
5. Ẹ gba àárín ìka kọjá, àlàfo kan lẹ́ẹ̀kan, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ẹ máa padà sí ọrùn ọwọ́ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan.
6. Ẹ yí àtàǹpàkò po lẹ́ẹ̀kan.
7. Ẹ padà sórí eegun ẹ̀ṣẹ́ fún ẹ̀ẹ̀mẹ́ta mìíràn, kí ẹ fi èyí tó kù parí sí ọrùn ọwọ́.

*Àyẹ̀wò:* ẹ dẹ́ṣẹ́, kó fún. Ẹ ṣí ọwọ́, kó dẹ̀. Ẹ tẹ èékánná kan títí yóò fi funfun, kí ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2, ẹ tú u, kí ẹ tún un dì. Ẹ máa fọ báńdéèjì lẹ́yìn ìlò méjì, ó pẹ́ tán.

Ìgbésẹ̀ 4: Ìdúró àti ìrìn (ọ̀sẹ̀ 1 sí 3)

Níbí ni kí ẹ ti ní sùúrù jù lọ. Ìdúró taekwondo dá ara sí ẹ̀gbẹ́: èjìká kan kọjú sí alátakò, ẹsẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan, ara sì ń fò sókè-sódò. Ó bá ìpá mu, nítorí ẹsẹ̀ iwájú lè gbéra nígbàkígbà. Nínú ẹ̀ṣẹ́, ìdúró yẹn jẹ́ kí ọwọ́ ẹ̀yìn jìnnà jù, ó sì jẹ́ kí ènìyàn ṣubú bí wọ́n bá tì í díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́.

1. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà tààrà kan sílẹ̀, mítà 3 ní gígùn. Ẹ dúró kí ìlà náà wà láàárín ẹsẹ̀ yín méjèèjì, ẹsẹ̀ kan ní ọ̀tún rẹ̀, èkejì ní òsì. Kí ẹsẹ̀ kankan má tẹ ìlà láé.
2. Ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún, kí ẹsẹ̀ òsì wà níwájú. Kí àlàfo tó wà láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì fẹ̀ tó èjìká yín.
3. Ẹ yí ọmọ ìka ẹsẹ̀ iwájú sínú díẹ̀. Gìgísẹ̀ ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ kanlẹ̀. Kó ga tó ìnípọn ìka méjì.
4. Ẹ tẹ eékún méjèèjì díẹ̀, kí ìwọ̀n ara pín sórí ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Nínú taekwondo, ọ̀pọ̀ ló máa ń gbé ara sórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kí ti iwájú lè fúyẹ́. Ẹ wò ó dáadáa nínú jígí.
5. Bí ẹ bá ń lọ síwájú, ẹsẹ̀ iwájú ló ń kọ́kọ́ gbéra, ti ẹ̀yìn a tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá ń padà sẹ́yìn, ti ẹ̀yìn ló ń ṣíwájú. Bí ẹ bá ń lọ sí òsì, ti òsì. Sí ọ̀tún, ti ọ̀tún. Ìṣísẹ̀ kan kò gbọdọ̀ ju ìdajì àtẹ́lẹsẹ̀ lọ.

Ẹ ṣe èyí fún ráòǹdù 4 lójoojúmọ́ tí ẹ bá ń kọ́ṣẹ́, láìju ẹ̀ṣẹ́ kankan ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó máa ń sú ènìyàn. Ẹ ṣe é.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í: fífò. Ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá wà lókè, ẹ kò lè ju ẹ̀ṣẹ́ tó lágbára, ẹ kò sì lè yí ọ̀nà padà. Alátakò tó mọṣẹ́ yóò dúró de ìgbà tí ẹ bá wà lókè. Bí fífò yìí kò bá fẹ́ lọ, ẹ fi ìwé pẹlẹbẹ kan sórí yín kí ẹ máa rìn lórí ìlà. Bó bá jábọ́, ẹ ti fò. Ibi kejì ni pípààrọ̀ ẹsẹ̀ iwájú àti ẹ̀yìn láàárín ìjà, tó jẹ́ ohun tó dára nínú taekwondo. Fún ọ̀sẹ̀ 12, ìdúró kan ṣoṣo lẹ ó máa lò.

*Àyẹ̀wò:* kí ẹnì kan fi àtẹ́lẹwọ́ tì yín ní igbá àyà, kó tún tì yín ní èjìká òsì, kó tún tì yín ní ti ọ̀tún, láìsọ ìgbà tí òun yóò tì yín. Bí ẹsẹ̀ kan bá gbéra kó tó lè gbà yín dúró, ẹ kò tíì kúrò ní ìgbésẹ̀ yìí.

Ìgbésẹ̀ 5: Ọwọ́ àti àgbọ̀n (ọ̀sẹ̀ 3 sí 6)

Àṣà mẹ́ta ló ń bá ènìyàn wá láti taekwondo, gbogbo wọn ló sì léwu.

Àkọ́kọ́ ni ọwọ́ tó wà nísàlẹ̀. Ìkejì ni àgbọ̀n tó gbé sókè, nítorí ẹni tó ń yẹ ìpá máa ń fa orí àti àyà sẹ́yìn. Fífà sẹ́yìn yìí ń gbà yín lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ́ kan, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ẹ ó tún fà á sí nígbà tí ẹ̀ṣẹ́ kejì bá dé. Ìkẹta wá láti inú poomsae, àwọn ìṣísẹ̀ tí a tò tẹ̀ léra tí ènìyàn ń dá ṣe: bí ọwọ́ kan bá ń lọ, èkejì a fà padà sí ìbàdí. Nínú ẹ̀ṣẹ́, ọwọ́ tó bá wà ní ìbàdí ti fi ojú sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ.

Àwọn kan á tọ́ka sí Vitali Klitschko, tó ti kickboxing bọ́ sínú ẹ̀ṣẹ́, tó ń fi ọwọ́ sísàlẹ̀, tó ń fa orí sẹ́yìn, tó sì gba adé àgbáyé. Ọkùnrin yẹn ga ju mítà 2 lọ. Ẹni tí kò ní gígùn yẹn, kó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè.

1. Ẹ fi bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì sáàárín àgbọ̀n àti àyà. Ẹ ṣe ṣádò (kí ẹ máa ju ẹ̀ṣẹ́ sí afẹ́fẹ́ láìsí alátakò) ráòǹdù 2, láìjẹ́ kó jábọ́. Kí ojú máa wo iwájú láti abẹ́ ìpéǹpéjú.
2. Ẹ ká aṣọ ìnura, kí ẹ gbá a mọ́ abẹ́ abíyá ọwọ́ ẹ̀yìn. Ẹ máa ju jáàbù, ẹ̀ṣẹ́ tààrà, pẹ̀lú ọwọ́ iwájú nìkan fún ráòǹdù 3. Bí aṣọ bá jábọ́, ìgúnpá yín ti ṣí ìhà sílẹ̀.
3. Kí àtàǹpàkò ọwọ́ ẹ̀yìn kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní gbogbo ìgbà tí jáàbù bá ń lọ. Ẹ dúró níwájú jígí. Ẹ ju jáàbù 20 díẹ̀díẹ̀, kí ẹ ka iye ìgbà tí ọwọ́ ẹ̀yìn fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Ohun tí a ń wá ni òdo.
4. Jáàbù gbọ́dọ̀ gba ojú ọ̀nà kan náà lọ, kó gbà á bọ̀. Bó bá ń gba ìsàlẹ̀ padà, ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún alátakò yóò wọlé lókè rẹ̀.
5. Ẹ fi ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún kún un nígbà tó bá di ọ̀sẹ̀ 4. Agbára rẹ̀ ń ti gìgísẹ̀ ẹ̀yìn tó ń yí síta, ó gba ìbàdí, ó gba èjìká, kó tó dé ọwọ́. Níbí ni taekwondo ti ṣe yín lóore, nítorí ìbàdí yín ti mọ yíyí nínú dollyo chagi (ìpá tí a ń yí ìbàdí gbá). Ẹ kàn má jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tẹ̀ lé ìbàdí gbéra. Húùkù (ẹ̀ṣẹ́ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ wá) wọlé ní ọ̀sẹ̀ 5, ọ́pàkọ́ọ̀tì (èyí tó ń ti ìsàlẹ̀ lọ sókè) ní ọ̀sẹ̀ 6, kó má ṣáájú rẹ̀.

Èjìká yóò máa rẹ̀ yín ní ráòǹdù kẹta, nítorí kò tíì gbé ọwọ́ sókè fún ìṣẹ́jú 3 rí. Ẹ mú ìgò omi 50 cl kan sí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan (ìdajì kílò nìyẹn), kí ẹ ṣe ṣádò ráòǹdù kan pẹ̀lú rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ráòǹdù kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fi ìwúwo sọ́wọ́ tó sì ń ju ẹ̀ṣẹ́ kíákíá yóò fi ìgúnpá san án.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ṣe báàgì ráòǹdù 4, kí ẹnì kan máa fi fóònù ya yín láti ẹ̀gbẹ́. Ráòǹdù kẹrin ni kí ẹ wò. Bí àgbọ̀n bá wà nísàlẹ̀ tí ọwọ́ sì wà lókè nínú ìdajì ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, nígbà tó ti rẹ̀ yín, ẹ lè tẹ̀ síwájú.

Ìgbésẹ̀ 6: Àlàfo àti ojú (ọ̀sẹ̀ 5 sí 8)

Ojú yín ti mọ àlàfo ẹsẹ̀. Ibi tó dà bíi pé ọkàn yín balẹ̀ sí ti jìnnà jù fún ẹ̀ṣẹ́, ẹ ó sì máa nà síwájú kí ọwọ́ lè dé. Ẹni tó bá nà síwájú ti fún alátakò ní orí rẹ̀.

Eré èjìká ló ń wo èyí sàn. Ẹ̀yin méjì, láìwọ gílọ́ọ̀fù, ẹ kọjú síra. Ohun tí ẹ ń wá ni kí ẹ fi ọwọ́ iwájú kan èjìká ẹnì kejì, kí òun má kan tiyín. Ìṣẹ́jú 2 ni ráòǹdù kan, ẹ ṣe mẹ́rin. Òfin kan ló wà: eékún iwájú kò gbọdọ̀ kọjá ọmọ ìka ẹsẹ̀ iwájú. Bó bá kọjá, ẹ ti nà jù. Ẹsẹ̀ ni kí ó gbé yín dé ibẹ̀.

Ní ti ojú, ẹ kúrò lórí ìbàdí àti ẹsẹ̀ alátakò. Ẹ tẹjú mọ́ òkè àyà rẹ̀, láàárín èjìká méjèèjì. Èjìká máa ń mì kí ẹ̀ṣẹ́ tó jáde, ẹ ó sì ṣì máa fi etí ojú rí ọwọ́ méjèèjì láti ibẹ̀.

Ìpá tó ṣì wà nínú ara yóò fara hàn nígbà tí wọ́n bá há yín mọ́. Eékún á kàn gbéra fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa ti báàgì bọ̀ wá bá yín lójijì, kí ẹ dá a padà pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ́ 2 tàbí 3, kí ẹ yí sí ẹ̀gbẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá gbéra, ẹ dúró, ẹ tún ìdúró ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀. Èyí tó tún léwu jù ni yíyí ẹ̀yìn padà bí ẹni fẹ́ gbá dwi chagi (ìpá ẹ̀yìn). Òfin ẹ̀ṣẹ́ kò gba kí ẹ kọ ẹ̀yìn sí alátakò, ẹ̀ṣẹ́ tó bá sì ba ẹ̀yìn orí lè ṣe ìpalára tí kò ṣeé tún ṣe.

*Àyẹ̀wò:* ìtìpadà báàgì 30, láìsí ìgbà kankan tí eékún gbéra tàbí tí ẹ̀yìn yí.

Ìgbésẹ̀ 7: Bí ọ̀sẹ̀ kan ṣe rí

Ọjọ́ 3 lọ́dọ̀ kóòṣì, ọjọ́ 2 nílé, ọjọ́ 2 ìsinmi. Ọjọ́ tí ẹ bá wà lọ́dọ̀ kóòṣì: okùn fífò ráòǹdù 3, ṣádò 3, báàgì 4, páàdì tí kóòṣì ń gbé sọ́wọ́ 2 tàbí 3, kí ẹ fi ìṣẹ́jú 10 ṣe ikùn àti ẹ̀yìn. Ní ilé: eré sísá kìlómítà 4 ní oṣù àkọ́kọ́, kó dé 6 ní oṣù kẹta, kí ẹ fi ṣádò ráòǹdù 4 tẹ̀ lé e.

Ìdájí ló dára jù fún eré sísá, ṣùgbọ́n ẹ má sá a létí ọ̀nà Ṣàgámù, nítorí tírélà àti ọ̀kadà tí kò tan iná. Pápá ilé ẹ̀kọ́ tàbí inú ẹ́síteètì ni kí ẹ wá. Kí ọmọbìnrin tó ń sáré ní ìdájí béèrè ọjọ́ Orò Magbó lọ́wọ́ àwọn àgbà àdúgbò, kó fi ọjọ́ náà ṣe ìsinmi, nítorí obìnrin kì í jáde lọ́jọ́ náà. Ẹ má fo okùn lórí sìmẹ́ńtì lásán. Egungun ojúgun á bẹ̀rẹ̀ sí í ro yín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ tẹ́ rọ́bà tàbí pákó sílẹ̀.

Ẹ wọn ara yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí ẹ bá parí. Kílò kan tó bá lọ, omi lítà kan ni, ìyẹn píọ̀ wọ́tà 50 cl méjì. Ẹ mu ún padà díẹ̀díẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ má jẹ́ kí nínà ara tí ẹ kọ́ ní taekwondo sọnù: ìṣẹ́jú 15, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, lẹ́yìn iṣẹ́, kó má ṣáájú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 8: Sípárìn (ọ̀sẹ̀ 9 sí 12)

Ẹ bá ẹni tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, kódà bó ga jù yín lọ. Ẹni tuntun bíi tiyín kò mọ bí a ti ń dín agbára kù. Ráòǹdù 3, ìṣẹ́jú 2 lọ́kọ̀ọ̀kan, gílọ́ọ̀fù 16 oz tàbí 14 oz gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n yín, kóòṣì nítòsí.

- Ọ̀sẹ̀ 9: ara nìkan, kò sí orí.
- Ọ̀sẹ̀ 10: jáàbù nìkan, ó lè ba orí.
- Ọ̀sẹ̀ 11: jáàbù àti ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún.
- Ọ̀sẹ̀ 12: gbogbo ẹ̀ṣẹ́, ìdajì agbára.

Ìgbéraga ni yóò fẹ́ bà á jẹ́ níbí. Ẹni tó ti ń gba àmì ẹ̀yẹ níbòmíràn máa ń fẹ́ dá ẹ̀ṣẹ́ padà pẹ̀lú gbogbo agbára nígbà tí ẹ̀ṣẹ́ bá bà á. Bí ẹ bá rí i pé inú ń bí yín, ẹ na ọwọ́ kan sókè, kí ẹ jáde. Kò sí kóòṣì tó mọṣẹ́ tí yóò fi ìyẹn ṣe yín ní yẹ̀yẹ́.

Bí orí bá ń fọ́ yín lẹ́yìn sípárìn, tí ẹ ń bì, tí ẹ ń rí nǹkan ní méjì-méjì, tàbí tí ẹ kò rántí ohun tó ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹnì kan sì wà pẹ̀lú yín mọ́jú. Ẹni tó bá dákú kò gbọdọ̀ ṣe sípárìn fún ó kéré tán ọjọ́ 90, dókítà ni yóò sì sọ ìgbà tí yóò padà.

Láàárín àkókò yìí, ẹnì kan lè wá sọ pé òun ní ìjà tó lówó fún yín. Ẹ má dá a lóhùn. Ìjà olówó wà lábẹ́ Nigeria Boxing Board of Control, ẹni tó ní ìwé àṣẹ nìkan ló sì lè jà á. Ọ̀nà tiyín ni ìdíje àwọn tí kò gbowó, ráòǹdù 3 tó jẹ́ ìṣẹ́jú 3 lọ́kọ̀ọ̀kan fún àgbà, kóòṣì yín ló sì máa mọ ìgbà tó yẹ.

*Àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ 12:* ẹ ya fídíò sípárìn ráòǹdù 3. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kíní, ẹ wo ẹsẹ̀ nìkan: iye ìgbà tí wọ́n kọjá ara wọn tàbí tí méjèèjì kúrò nílẹ̀ pọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ wo ọwọ́ ẹ̀yìn nígbà tí jáàbù ń lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ wo àgbọ̀n nígbà tí ẹ ń padà sẹ́yìn. Ẹ kọ iye kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Èyí tó bá ju 5 lọ nínú ráòǹdù kan, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì: ẹsẹ̀ sí ìgbésẹ̀ 4, ọwọ́ àti àgbọ̀n sí ìgbésẹ̀ 5. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ àti ọwọ́ pọ̀ ni, ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kí ẹ ya fídíò mìíràn, kí ẹ tó fọwọ́ kan ọwọ́ rárá.